Yàrá iṣẹ́ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń mú gbóná: ọ̀nà wo ni ooru yóò gbà jáde?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Aṣefídíò Láfẹ́nwá

Mo kí gbogbo ilé o. Iṣẹ́ títo fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo ń ṣe, inú ilé tí mo háyà ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ni mo sì ti ń ṣe é. Yàrá tí mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, láti ilẹ̀ dé àjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì tí ó lágbára ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́nítọ̀ mẹ́ta, èmi àti ọmọṣẹ́ mi la sì jọ ń jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ínfátà àti bátìrì rẹ̀ méjì, irú èyí tí à ń bu omi sí, wà lábẹ́ tábìlì, nítorí pé n kò fẹ́ gbé wọn sí ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké lè ti fọwọ́ kàn wọ́n.

Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní. Alumíníọ́mù tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́ ni, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lójú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó já sí iwájú ilé. Nítorí eruku títì àti ariwo ọjà, a máa ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa kí a lè gbọ́ ohùn inú fídíò dáadáa, fáànù òkè nìkan ni a sì gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ooru inú yàrá náà a ti ju ti ìta lọ. Fáànù kò dáwọ́ dúró, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí wa lára. Orí a máa fọ́ wa nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà tí ó tóbi jù nínú méjèèjì a sì máa falẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ó ń yára ṣe ní òwúrọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ṣé ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni àbáyọ? Owó rírà rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó owó iná tí yóò máa jẹ. Onílé mi ti gbà pé mo lè lu ògiri, bí ó bá jẹ́ pé èmi ni n óò tún un ṣe nígbà tí mo bá ń kó jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Oníná Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Kí a tó dé orí ohun tí ẹ ó rà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye ooru tí ẹ̀yin fúnra yín ń dá sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ wọ́ọ̀tì 250, ooru wọ́ọ̀tì 250 ló tú sínú yàrá, ì báà jẹ́ fídíò ló ń tò tàbí ìwé ìṣirò ló ń ṣí. Ẹ jẹ́ kí a fi 250 yẹn fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ìyẹn jẹ́ 500. Mọ́nítọ̀ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 30, jẹ́ 90. Ara ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú nǹkan bí wọ́ọ̀tì 100 sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin àti ọmọṣẹ́ yín jẹ́ 200. Fáànù òkè ń jẹ tó 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 860, èyí tí kò jìnnà sí ti áyọ́ọ̀nù kan tí ènìyàn ki bọ iná láàárọ̀ tí kò sì yọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ kíyè sí i pé mo ka fáànù òkè mọ́ àwọn tí ń dá ooru sílẹ̀. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù. Òógùn ara wa ni ó ń bá wa gbẹ, ibẹ̀ ni ìtura rẹ̀ ti ń wá. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, ńṣe ni fáànù tí ó ń yí lásán ń fi wọ́ọ̀tì tirẹ̀ kún ooru ibẹ̀. Nínú yàrá tí a tì pa, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yí káàkiri. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tí ó tóbi bíi tiyín tó nǹkan bí kúbíìkì mítà 27, bí ògiri àti àjà kò bá sì fa díẹ̀ mu nínú ooru náà, ìbá máa fi ju dígírì kan àti ààbọ̀ lọ gbóná sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ògiri ló ń gbà yín là ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá fi di ọ̀sán, ògiri náà ti gbóná, kò sì rí àyè gba púpọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sán ni ẹ máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ní ti orí fífọ́, èémí ènìyàn méjì tí kò rí ibi jáde láti àárọ̀ lè dá kún un pẹ̀lú ooru.

Ọ̀nà tí ó wà ni kí a lé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, kí a sì fi ti ìta rọ́pò rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí mo máa ń lò fún àwọn oníbàárà mi: bí a kò bá fẹ́ kí yàrá fi ju dígírì mẹ́ta gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú rẹ̀ lọ, iye kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde ní wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye wọ́ọ̀tì inú yàrá náà dọ́gba. Wọ́ọ̀tì 860 ń béèrè kúbíìkì mítà 860 ní wákàtí kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ yàrá yín yóò yí padà ju ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí náà. Bí ẹ bá lè fara da dígírì mẹ́fà, ìlàjì rẹ̀, ìyẹn 430, ti tó. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ wò lára páálí fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ síta. Bí ó bá jẹ́ CFM ni wọ́n kọ, ìyẹn kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 1.7 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ dáadáa, nítorí pé iye tí wọ́n kọ jẹ́ ti fáànù tí nǹkan kan kò dí lójú, tiyín yóò sì ní ìbòrí àti nẹ́ẹ̀tì. Fáànù kékeré oní-íǹṣì mẹ́fà tí wọ́n ń fi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ yìí.

Ohun tí àwọn tí ń fi irú fáànù yìí sílé sábà ń gbàgbé ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé. Fáànù kò lè fa ohun tí kò wọlé jáde. Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn kò tó rárá: fún afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ tó báyìí, ẹ nílò ihò tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú àti lóròó, bí nẹ́ẹ̀tì bá sì wà lójú rẹ̀, kí ó tó ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà gé ìdajì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yín, kí ó fi pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ó dagun sí i, tí a kò fi ní lè máa wo inú yàrá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí fáànù wà ní ògiri ẹ̀yìn, lókè pátápátá nítòsí àjà, ní ìhà tí àwọn kọ̀ǹpútà wà. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, kí fèrèsé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà ní títì. Bí ẹ bá ṣí i, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé tí yóò sì gba ojú fáànù jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí apá tí ẹ jókòó sí yóò sì wà bí ó ti wà.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, ẹ gbé e sí iwájú ilẹ̀kùn, kí ẹ pa fáànù òkè, kí ẹ wá máa wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀ wọlé, tí ó gba ara kọ̀ǹpútà kọjá, tí ó sì gòkè lọ síbi fáànù ẹ̀yìn, iṣẹ́ ti dára. Bí ó bá ń rọ́ yíká lójú kan náà láàárín yàrá, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò dé.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Ayàwòrán-ilé Aké

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n oníná. Ọ̀rọ̀ yín lórí ọ̀nà ìwọlé wọ̀ mí lára púpọ̀, nítorí mo ti rí ilé tí wọ́n fi fáànù méjì sí tí ohunkóhun kò yí padà níbẹ̀. Ibi tí mo ti yapa díẹ̀ ni pé kí fèrèsé máa wà ní títì. Ní Abẹ́òkúta, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, àfi ní àsìkò ọyẹ́ tí ó máa ń ti àríwá àti ìlà oòrùn gbé eruku wá. Fèrèsé àbúrò wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gan-an. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ dáadáa, ṣíṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò gbé afẹ́fẹ́ la yàrá náà já ju bí fáànù kékeré kan ti lè ṣe lọ, kò sì ní í jẹ kọ́bọ̀, nígbà tí fáànù ara ògiri ẹ̀yìn yóò máa bá afẹ́fẹ́ òde jà. Ẹ lo fáànù nígbà tí ewé igi kò bá mì, kí ẹ lo afẹ́fẹ́ Ọlọ́run nígbà tí ó bá wà. Àpáta àti òkè ìlú wa máa ń yí afẹ́fẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri ọgbà aládùúgbò, nítorí náà ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ irin fèrèsé, kí ẹ máa wo ibi tí ó ń fẹ́ sí ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́.

Fèrèsé tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an jẹ́ ara ìṣòro yín. Bí ẹ bá ṣí i títí dé ìpẹ̀kun, ìdajì rẹ̀ péré ló ṣí, ìdajì kejì gíláàsì ni. Nẹ́ẹ̀tì tún gba apá ńlá nínú ìdajì tí ó ṣẹ́ kù, pàápàá bí eruku Láfẹ́nwá bá ti di ojú rẹ̀. Ẹ gbé ojú nẹ́ẹ̀tì yín sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ó bá ti pọ́n bí ilẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ gidi tí ń gba ibẹ̀ kọjá, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó sì nílò kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun. Lúfà àtijọ́, tí àwọn ènìyàn ń yọ sọ nù nítorí pé kò bá ìgbà mu mọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátápátá, òjò díẹ̀ kò sì ní kí ẹ tì í. Bí onílé bá gbà, irú fèrèsé tí ó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan òrùlé. Ní ìlú wa, oòrùn máa ń wà ní ọ̀gangan orí ní ọ̀sán nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní gbogbo oṣù tí ó yí wọn ká, páànù ni oòrùn ń lù ju ògiri lọ. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ gun àga, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àjà, kí ẹ sì fi kan ògiri inú. Bí àjà bá gbóná ju ògiri lọ, ooru ń ti òkè wá bá yín lórí èyí tí kọ̀ǹpútà ń dá sílẹ̀, kò sì sí nínú 860 tí ẹ̀gbọ́n kà. Bébà onídígí fàdákà tí à ń tẹ́ sábẹ́ páànù máa ń dín in kù gidigidi, bí a bá fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti ohun tí ó kọjú sí, tí ihò afẹ́fẹ́ sì wà ní etí òrùlé kí ooru inú àjà lè jáde. Ọ̀dà funfun lórí páànù náà ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ayálégbé ni yín, nítorí náà ẹ lè fi èyí lọ onílé. Ṣùgbọ́n ìbòjú fèrèsé wà ní ìkápá yín: ẹní tàbí aṣọ tápólì tí a nà sí òde fèrèsé ìwọ̀ oòrùn ń dá oòrùn dúró kí ó tó kan gíláàsì, nígbà tí kọ́tìnnì inú ilé ń dá a dúró lẹ́yìn tí ooru rẹ̀ ti wọlé tán. (Àwọn ilé páráfẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ́ káàkiri báyìí kò ní etí òrùlé tí ó yọ síta rárá, gbogbo ògiri wọn ló wà nínú oòrùn. Àwọn ilé alámọ̀ tí ó wà ní Ìtọ́kò sàn jù wọ́n lọ lọ́sàn-án, ẹ bi ẹni tí ó bá gbé ibẹ̀.)

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìtọ́kò

Òtítọ́ ni ẹ sọ nípa ilé alámọ̀, mo gbé inú ọ̀kan dàgbà. Ní tèmi, ọ̀nà tí ó dín owó kù ni kí ẹ gbé abọ́ omi dídì sí iwájú fáànù. Ó máa ń tutù gan-an.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Mo júbà àwọn àgbà tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n Ìtọ́kò, ẹ má bínú o, ìmọ̀ràn yín lè ṣiṣẹ́ ní àkókò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n fún ìyókù ọdún, omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi dídì náà bá yọ́ tán tí kò tutù mọ́, èyí tí ó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́ lè jẹ́ kí òógùn má tètè gbẹ lára ènìyàn. Fíríìjì tí ó mú omi náà dì sì ti tú ooru sínú ilé kan náà. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé abọ́ omi sítòsí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀gbọ́n aṣefídíò, kọ̀ǹpútà tí ó ń falẹ̀ ní ọ̀sán kò bàjẹ́. Ọpọlọ inú rẹ̀ ló ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bí ó bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí dígírì 100, kí ó má baà jóná. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná sí i, inú kọ̀ǹpútà náà yóò fi nǹkan bí mẹ́wàá gbóná sí i pẹ̀lú, nítorí pé afẹ́fẹ́ yàrá yẹn náà ló fi ń tu ara rẹ̀. Nítorí náà ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ fáànù inú rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti ìhà Láfẹ́nwá, eruku ibẹ̀ a máa wé pọ̀ mọ́ irun àti òwú aṣọ, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín irin àti fáànù tí ènìyàn lè fi ìka ká a kúrò lódindi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nu ún, kí ẹ di fáànù kékeré náà mú kí ó má baà yí ní àyíjù. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń mí síta. Bí ògiri bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti lé jáde ni yóò tún fà wọlé.

Kí ẹ tó gbìyànjú láti lé ooru jáde, ẹ lè kọ̀ láti dá a sílẹ̀. Nínú ètò káàdì tí ń gbé àwòrán jáde, ààyè wà láti dín iye iná tí ó lè jẹ kù. Bí ẹ bá gé ìdámẹ́rin kúrò nínú rẹ̀, eré tí ẹ óò pàdánù kéré gan-an sí ìdámẹ́rin. Ẹ tò iṣẹ́ gígùn, èyí tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe nígbà tí ẹ bá ti gé fídíò tán, sí òru, nígbà tí ìta ti tutù tí ẹnikẹ́ni kò sì sí níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí ẹ kò lò, ẹ pa á. Èyí tí ó tọ́ sí yín jù ní tèmi ni kí àpótí kọ̀ǹpútà méjèèjì kúrò nínú yàrá náà pátápátá, kí wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin oníhò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wáyà mọ́nítọ̀ àti ti kííbọ́ọ̀dù gba ara ògiri wọlé. Wáyà USB tí kò ju mítà márùn-ún lọ yóò ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, irú gígùn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro fún HDMI, wáyà tí ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀. Ẹ ó ti yọ 500 kúrò nínú 860 láìra fáànù kankan, ariwo wọn yóò sì kúrò létí yín.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ Aṣefídíò Láfẹ́nwá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò máa bá yín ṣe é. Mo ti fọ nẹ́ẹ̀tì, mo sì ti fa àwọn kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, a ti ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀. Gbígbé àpótí wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni n kò lè ṣe, nítorí pé ayálégbé mẹ́ta la jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Fáànù ògiri àti ilẹ̀kùn oníhò ni n óò ṣe.

Nǹkan méjì ṣì ń kọ mí lóminú. Èkíní ni pé aládùúgbò ẹ̀yìn wa máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí ibi tí kò jìnnà sí fèrèsé mi, ó sì ń tàn án gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Èkejì ni ìbéèrè mi àkọ́kọ́: nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà, ṣé n kò ní nílò ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ rárá?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Oníná Ìbarà

Àbúrò, ó dára tí ẹ dárúkọ jẹnẹrétọ̀ yẹn kí wọ́n tó lu ògiri. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ẹ̀rọ amúlétutù, kí n tó padà sórí rẹ̀.

Kò sí bí ẹ ṣe lè fi afẹ́fẹ́ ìta mú yàrá tutù ju ìta lọ. Bí ìta bá wà ní dígírì 35 ní ọ̀sán oṣù kejì tàbí ìkẹta, yàrá tí fáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa yóò wà ní nǹkan bí 38, èyí tí ó sàn ju ohun tí ẹ ń rí báyìí lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì tura. Fún irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù oníhọ́ọ̀sì kan tó: ó lè kó tó wọ́ọ̀tì 2,600 ooru jáde, òun fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ nǹkan bí 900. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, tí wọ́n ní wọn yóò máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, dé náírà 225 fún yúníìtì kan. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe ìṣirò: wákàtí mẹ́jọ ẹ̀rọ amúlétutù láìsinmi jẹ́ nǹkan bí yúníìtì 7.2, ìyẹn náírà 1,620. Wákàtí mẹ́jọ fáànù ògiri tí ń jẹ wọ́ọ̀tì 50 jẹ́ yúníìtì 0.4, ìyẹn náírà 90. Nítorí náà, bí ẹ bá rà á, kí ó jẹ́ ti wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án ní àwọn oṣù tí oòrùn mú jù, kí fáànù máa ṣe ìyókù. Ẹ má ṣe tan méjèèjì pọ̀, afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ ń sanwó fún ni fáànù yóò máa fà síta. Kí ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ amúlétutù ara ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn lóòrèkóòrè.

Bátìrì yín ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, kódà kí ẹ tó ra fáànù. Irú èyí tí à ń bu omi sí máa ń tú háídrójìn sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná, bí háídrójìn náà bá sì tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lójú kan, iná kékeré tí ó ta lára wáyà lè mú un bú gbàmù. Abẹ́ tábìlì nínú yàrá tí a tì pa kò yẹ ẹ́. Ooru náà sì ń pa bátìrì fúnra rẹ̀: bí ó bá ti kọjá dígírì 25, gbogbo dígírì mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ó bá fi gbóná sí i ń gé ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ìdajì. Ínfátà náà ń sọ tó ìdámẹ́wàá iná tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá di ooru. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àpótí onírin oníhò tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ gbé e sí ibi tí òjò kò dé, bóyá lábẹ́ etí òrùlé iwájú, kí ínfátà wà lókè bátìrì ṣùgbọ́n kí ó má wà ní ojú kan náà tí èéfín bátìrì ń gbà gòkè. Kọ́kọ́rọ́ yóò dá àwọn ọmọ kéékèèké dúró.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mónóksáídì nínú, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun. Fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ síta máa ń mú kí yàrá fa afẹ́fẹ́ láti ibikíbi tí ó bá rí. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ìwọlé yín fi gbọ́dọ̀ wà ní ìhà ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, tí ilẹ̀kùn iwájú ilé sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí fèrèsé ẹ̀yìn wà ní títì pinpin nígbàkígbà tí jẹnẹrétọ̀ yẹn bá ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn àbúrò mi ayàwòrán-ilé lórí ṣíṣí fèrèsé dára fún àkókò tí iná bá wà; lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣí i. Ẹ lọ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ní pẹ̀lẹ́tù, kí ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà rẹ̀ kí ó sì yí ẹnu èéfín rẹ̀ sí ìhà tí kò sí ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orí ń fọ́ òun tàbí èébì ń gbé òun nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo yín jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ara ínfátà ni kí wọ́n so fáànù ògiri mọ́, kí ó má baà kú ní àkókò gan-an tí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀ yóò kú lọ́jọ́ kan, bí bátìrì bá tán, ihò rẹ̀ yóò sì wá di ọ̀nà tí èéfín ń gbà wọlé. Irú fáànù kan wà tí ó ní ìbòrí abẹ́lẹ̀bẹ̀ tí ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí fáànù bá ń yí, tí ó sì máa ń wó lulẹ̀ dí ihò náà nígbà tí ó bá dúró. Ẹ béèrè fún irú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ gbé ìbòrí náà lójú ọlọ́jà láti rí i pé kò há, kí ẹ tó sanwó.